Kí Ẹ̀jẹ̀ Simeon Tó Kú

Simeon ni ó kọ́kọ́ sọ fún Inúmidùn pé ẹ̀jẹ̀ máa ń kú. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tó dà sílẹ̀ o; ìyẹn, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Èyí tó wà nínú ara ẹni tó ń jẹ, tó ń mu, tó ń bá ènìyàn ṣàwàdà ni Simeon ní ó ń kú díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, tí tuntun sì ń rọ́pò rẹ̀. Inúmidùn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí òun yóò máa ka ikú ẹ̀jẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà bí aláboyún ṣe ń ka oṣù.

Ibefun ni Inúmidùn ń gbé pẹ̀lú bàbá rẹ̀, Gilbert, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Bàbá Gilbert, àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́. Bàbá ń gbìn, ọmọ ń yan gàrí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ilé ẹ̀kọ́ sì parí fún un lọ́dún náà. Ìgbà tó pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló tó lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí Hanifah, tíṣà tí òun fi ọdún mẹ́ta jù lọ, ti ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti là, kò sí ohun tó rí tí kì í kà: pátákó ṣọ́ọ̀ṣì, ara àpò sìmẹ́ńtì, ẹ̀yìn kéké. Bí kò bá sì yé e, á béèrè.

Hanifah máa ń sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè tiyín nìkan pọ̀ ju ti gbogbo kíláàsì lọ."

Ní oṣù kìíní ọdún, Bàbá Gilbert bì lẹ́yìn ilé, ẹ̀jẹ̀ ni ó bì. Wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Dókítà ní ọgbẹ́ wà nínú ikùn rẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ tó kù lára rẹ̀ kò tó, kí wọ́n wá ẹni tó máa fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Timothy, ẹ̀gbọ́n Inúmidùn, sáré wá láti Èkó, ṣùgbọ́n àrùn ẹ̀dọ̀ tó ṣe é rí kò jẹ́ kí wọ́n gba tirẹ̀. Inúmidùn wọ yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó na apá rẹ̀ sílẹ̀.

Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ gba díẹ̀, ó kán an sórí awẹ́ gíláàsì, ó wò ó, ó mi orí.

"Ẹ̀jẹ̀ yín ò bá ti Bàbá mu."

"Kí lẹ wí? Òun ló bí mi o!"

"Mo mọ̀. Wọ́n lè bí yín kí tiyín má bá tiwọn mu. Ti màmá yín lẹ mú."

"Ta wá ni tirẹ̀ bá ti bàbá mi mu?"

Ọkùnrin náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo aago ara ògiri. Ó ní, "Tèmi." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

Simeon nìyẹn, ọmọ Èkìtì, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tó ti lo ọdún méjì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn wọ inú àpò rọ́bà. Inúmidùn dúró tì í, kò mọ bí ènìyàn ṣe ń dúpẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpò náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè: "Gì... gíl... Gilbert. Orúkọ bàbá mi nìyí! Kí ni lẹ́tà kan ṣoṣo tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yìí?"

"Irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní ni."

"Kí ni wọ́n ń pè é ní Yorùbá?"

"A ò pè é ní nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo rẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo rẹ̀? Ẹ̀gẹ́ wà lóko, ilá wà níbẹ̀, ata wà níbẹ̀, ẹ wá ní koríko ni gbogbo rẹ̀?"

Ẹ̀rín pa Simeon níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Nọ́ọ̀sì pariwo pé kó má mira, abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni Bàbá Gilbert lò ní ọsibítù, kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí Inúmidùn kò yà ní yàrá àyẹ̀wò pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Simeon gbé ìgò kékeré kan sílẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ti tòrò, tó sì ti pín sí mẹ́ta: omi tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lókè, pupa nísàlẹ̀, ìlà funfun tín-ín-rín láàárín wọn.

Inúmidùn ní, "Bí omi ẹ̀gẹ́ ṣe máa ń ṣe náà nìyí, tí ògì rẹ̀ á rọlẹ̀ sí ìdí abọ́. Omi ẹ̀jẹ̀ nìyẹn lókè. Ìsàlẹ̀ yìí, hóró pupa. Àwọn funfun yìí ńkọ́?"

"Ọmọ ogun ara ni wọ́n. Àwọn ló ń lé àrùn."

"Díẹ̀ báyìí?"

"Díẹ̀ náà ló dára. Ìlú tí sọ́jà rẹ̀ bá pọ̀ ju ará ìlú lọ, ìlú náà ti bàjẹ́."

Ó fi ibi tí àwọn ọmọ ogun náà ń pàdé hàn án: àwọn kókó kéékèèké tó wà ní abíyá, ní ọrùn àti ní ìsàlẹ̀ ikùn níbi tí itan ti bẹ̀rẹ̀. Inúmidùn rántí ọdún tí ìṣó gún un lẹ́sẹ̀, tí kókó yọ sí i ní itan, tí òun ń bínú pé ẹsẹ̀ ni ó dun òun, kí ni itan ń wá níbẹ̀. Àṣé ogun ló ń jà lọ́hùn-ún. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá: ÀGỌ́ ỌMỌ OGUN. Simeon wò ó. Ó ti lo ọdún mẹ́wàá nídìí iṣẹ́ yìí, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè orúkọ wọn ní Yorùbá rí.

Lọ́jọ́ kẹjọ ó ní, "Inúmidùn, ṣé o ò ní béèrè nǹkan kan tí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀?"

Inúmidùn gbọ́ ọ. Kò pe òun ní "ẹ̀yin" mọ́. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó mú bírò.

"Ẹ ti ní ìyàwó?"

"Rárá o."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́, ó pa ìwé dé, ó bá tirẹ̀ lọ.

*

Nígbà tó di ìparí oṣù kejì, Hanifah di alárinà. Ó wọ kéké wá sí Ibefun lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó kúnlẹ̀, ó sọ ohun tí Simeon rán an. Bàbá Gilbert ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ta ni? Ọmọ tó fún mi lẹ́jẹ̀? Ẹni tó ti fún mi ní ẹ̀mí, kí ni mo fẹ́ fi dù ú? Ọmọ mi ni!"

Ọ̀rọ̀ kan yìí, "ọmọ mi," ló kó wọn sí wàhálà. Ẹni tó jókòó sínú yàrá tó gbọ́ ọ ni ẹ̀gbọ́n Bàbá Gilbert lóbìnrin, Mọ́ṣádé, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Ìyá Ìmùṣin nítorí Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni ilé ọkọ rẹ̀ wà. Òun ló gbé Gilbert pọ̀n nígbà tí ìyá wọn ń ṣàìsàn. Títí di òní, bí ó bá sọ̀rọ̀, Gilbert tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún á yọ fìlà. Ó jáde sí pálọ̀.

"Gilbert, o ní kí lo pè é?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ tó..."

"Mo gbọ́. Ọmọ rẹ. Òtítọ́ lo sọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ. Ìwọ lo bí Inúmidùn. Ẹ wá sọ fún mi, ta ló ń fi ọmọ bàbá kan fún ọmọ bàbá náà?"

"Àpò kan péré ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Iyọ̀ ṣíbí kan péré ló ń mú ìkòkò ọbẹ̀ dùn! Láti ìgbà tí o ti dé láti ọsibítù, kí lò ń béèrè fún? Iyán! Ìwọ tí wọ́n fi ẹ̀bà àti ìkọ́kọrẹ́ wò dàgbà. Ẹ̀yin ò rí i pé ẹ̀jẹ̀ Èkìtì ti ń ṣiṣẹ́?"

"Dókítà ló ní kí n yé jẹ gàrí kíkan."

"Ṣé dókítà náà ló ní kí iyán máa wù ọ́ jẹ?"

Hanifah fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn bo ẹnu. Ìyá Ìmùṣin yíjú sí i.

"Ìwọ alárinà, oko wo ni ẹni tó rán ọ ti ro fún wa? Nígbà tiwa, ọkùnrin á gbé ọkọ́ lọ sí oko àna títí ọwọ́ rẹ̀ á fi le. Ti òde òní, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀. Sọ fún un pé a dúpẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ọmọ kò sí."

Ohun tó dun Inúmidùn jù ni ojú bàbá rẹ̀. Ẹ̀rù ti wọ ojú náà. Ó ń wo iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé àlejò kan wọlé tì í láìkan ìlẹ̀kùn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Inúmidùn fi yan gàrí tí kò mọ ohun tó ń yàn. Àgbàlagbà kì í kàn ń sọ̀rọ̀ lásán. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ ńkọ́? Bí ènìyàn bá fẹ́ ẹni tó ti di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìmọ̀, irú ọmọ wo ni yóò bí? Lẹ́yìn náà ni ó rántí ọ̀rọ̀ tó fi Simeon ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí. Ó fi gàrí yíyan sílẹ̀, ó wọ kéké lọ bá a.

"Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ní ó máa ń kú, ọjọ́ mélòó ni?"

Simeon ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu Hanifah. Oorun ò sí lójú rẹ̀. "Hóró pupa kì í ju nǹkan bí oṣù mẹ́rin lọ. Tó bá ti gbó, ọlọ inú, ẹ̀yà ara kan tó wà lápá òsì ikùn, á mú un. Ẹ̀yin tí ẹ ń yan gàrí, ẹ ní asẹ́ tí ẹ fi ń ku ẹ̀gẹ́. Ọlọ inú ni asẹ́ ẹ̀jẹ̀. Èyí tó dá ṣáṣá á kọjá, èyí tó ti gbó á dúró, ara á fọ́ ọ. Mùdùnmúdùn inú egungun Bàbá á sì máa ṣe tuntun, tiwọn gan-an."

"Àwọn funfun tiyín tó bá a wọlé ńkọ́?"

"Ọmọ ogun Bàbá á ti lé wọn dànù. Wọ́n mọ̀ pé àjèjì ni wọ́n."

Inúmidùn dìde dúró. "Ara bàbá mi fúnra rẹ̀ mọ̀ pé àjèjì ni yín?"

"Ó mọ̀ ju Ìyá Ìmùṣin lọ."

Ṣùgbọ́n kò lè má béèrè èyí tó kù. "Àwọn ọmọ ogun yẹn, ṣé wọ́n máa ń gbàgbé?"

Simeon lè purọ́, ó sì rọrùn. Ó ní, "Wọn kì í tètè gbàgbé. Bí àjẹsára ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: wọ́n á rí àjèjì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á máa dá a mọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nǹkan kan lè kù tó ń rántí mi. Mi ò lè sọ pé kò sí."

Inúmidùn kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

*

Nígbà tí ẹbí tún jókòó, òun fúnra rẹ̀ ló gbé asẹ́ wá sí pálọ̀. Ó sọ ti ọlọ inú, ó sọ ti mùdùnmúdùn, ó sì ka èyí tó lè ba tirẹ̀ jẹ́ láti inú ìwé, pé nǹkan kan lè kù tó ń rántí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò bá ti bàbá mi mu. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tó bára mu ni ọmọ, èmi kì í ṣe ọmọ ilé yìí nìyẹn."

Ìyá Ìmùṣin ní, "Ẹnu rẹ! Kí ìyá rẹ má gbọ́ ọ lọ́run."

"Mo béèrè ni, Mà."

Ìyá Ìmùṣin gba asẹ́ náà, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ń wo ihò rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ yìí ò fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Ó dára. Ọjọ́ wo ló fún un lẹ́jẹ̀?"

"Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní."

"Ó di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún. Kí ẹ̀jẹ̀ náà kọ́kọ́ kú tán. Títí dìgbà náà, ẹ ò gbọdọ̀ ríra, ẹ ò gbọdọ̀ pera lórí fóònù. Bí ẹ bá lè ṣe é, kí alárinà padà wá. Bí ẹ bá rú òfin yìí, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ fún mi mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Inúmidùn ń fi bírò pupa fagi lé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lórí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ kíláàsì ó máa ń kọjá níwájú ọsibítù náà, á sì kọjú sí òdìkejì ọ̀nà. Hanifah kì í jẹ́ iṣẹ́ fún wọn, nítorí ó ti búra fún Ìyá Ìmùṣin, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ fún afẹ́fẹ́ pé, "Ẹnì kan lánàá ń béèrè bóyá ọ̀rọ̀ tuntun ti wọ inú ìwé ẹnì kan." Inúmidùn náà á sọ fún afẹ́fẹ́ pé ó ti wọ̀ ọ́.

*

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ pé. Bàbá Gilbert padà sóko ṣáájú àkókò, ẹ̀yìn ń ro ó, ó ra oògùn ara ríro, ó fi ọjọ́ mẹ́rin lò ó láìkọ́kọ́ jẹun, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ọgbẹ́ inú rẹ̀ tún ya. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Ìjẹ̀bú-Òde, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun bí ẹ̀fun. Ìyá Ìmùṣin wà pẹ̀lú wọn. Ó wá kí wọn láti àná.

Dókítà tún béèrè ẹ̀jẹ̀. Wọ́n wo ibi tí wọ́n ń kó o pamọ́ sí, irú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Wọ́n pe ibòmíràn méjì, wọn kò ní. Inúmidùn dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo ìlẹ̀kùn yàrá àyẹ̀wò. Ó mọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ iye tí yóò ná àwọn méjèèjì. Ó kan ìlẹ̀kùn náà.

Simeon ṣí i. Ó ti lé lóṣù kan tí wọn kò ríra. Kò béèrè àlàáfíà, ojú Inúmidùn ti sọ ọ́.

"Bàbá ni?"

"Bàbá ni. Ẹ̀jẹ̀ náà ni."

Ó wo ẹ̀yìn Inúmidùn, ó rí Ìyá Ìmùṣin lórí bẹ́ǹṣì. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Nígbà tó dìde, ó ti ń ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

Inúmidùn sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Oṣù mẹ́rin mìíràn nìyẹn o."

"Mo mọ iṣẹ́ mi, Inúmidùn. Mo mọ oṣù mẹ́rin."

Ó dùbúlẹ̀. Àpò náà bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ìyá Ìmùṣin fi ọwọ́ ti bẹ́ǹṣì, ó dìde, ó wọlé tọ̀ ọ́ wá láìjẹ́ pé ẹnì kan pè é. Ó dúró lórí rẹ̀, ó ń wo rọ́bà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Ó na ìka kan, ó kan àpò náà.

"Ó gbóná."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"O mọ̀ pé òní ni a ó tún bẹ̀rẹ̀ kíkà?"

"Mo mọ̀, Mà."

"Ká ní bàbá tó bí ọ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́hùn-ún, ṣé o máa rò ó kí o tó fún un?"

"Rárá, Mà. Kí ni mo fẹ́ rò?"

"Èyí ńkọ́?"

Simeon gbójú sókè wo àjà. Inúmidùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà di férémù ìlẹ̀kùn mú. Ó fẹ́ kó purọ́, lẹ́ẹ̀kan yìí péré.

Simeon ní, "Èyí, mo rò ó, Mà. Láti ìdí ìlẹ̀kùn yẹn dé orí ibùsùn yìí, mo rò ó."

Ìyá Ìmùṣin mi orí lọ́ra bí ẹni tó rí ohun tó ti ń wá. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Inúmidùn tẹ̀lé e.

"Ọmọ ilé kì í rò ó," ni ó wí. "Timothy ò rò ó. Ìwọ náà ò rò ó. Àna ló ń rò ó, tó sì ń ṣe é. Ọkọ mi, kí n tó wọlé rẹ̀, ọdún mẹ́ta ló fi ro oko bàbá mi. Ẹ̀gẹ́ tó gbìn, gbogbo wa la jẹ ẹ́, èmi, bàbá mi, Gilbert tí mo pọ̀n sẹ́yìn. Ó di ẹran lára wa. Kò sí ẹni tó ní a ti di ọmọ ìyá. Ọ̀wẹ̀ àna ni wọ́n pè é." Ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀ kíá. "Mo bi alárinà yẹn pé oko wo ló ro. Àṣé inú oko ni mo dúró sí tí mo ń béèrè ọ̀nà oko."

Inúmidùn ò mọ̀ bóyá òun gbọ́ dáadáa.

"Ní kí Hanifah wá. Kí wọ́n mú àwọn ènìyàn wọn wá láti Èkìtì, bí Gilbert bá ti lè jókòó. Kí wọ́n gbé iṣu wá, kí gbogbo wa kúkú jẹ iyán náà."

Ó tún ìborùn rẹ̀ wé, ó mú àpò rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ní òun ń lọ mú aṣọ Gilbert wá láti ilé, ó forí lé ẹnu ọ̀nà. Inúmidùn sáré ìṣísẹ̀ méjì, ìbéèrè tó kù lọ́kàn rẹ̀ kò lè dúró.

"Mà! Ẹ̀jẹ̀ náà ńkọ́? Ṣé a ò ní dúró kó kú?"

"Ta ló fẹ́ kó kú?" ni Ìyá Ìmùṣin wí, ó ń lọ. "Kó pẹ́ níbẹ̀."

Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó na ọwọ́ sí kéké kan, ó wọ inú rẹ̀, kò sì wẹ̀yìn.